Àwọn Ọmọ Inú Táìlì Ò Ní Kó Jáde

Bàbá mi tí mo ń ṣàárò,

Wọn ò fọ́ ọ o. Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn táìlì tí wọ́n ya àwòrán ọmọdé sí, tó yí ibi ìyáná ká ní pálọ̀ wa, ṣì wà lára ògiri, kò sí ẹyọ kan tó sán.

Dublin ti yí padà. Òpópónà wo lẹ máa yà sí báyìí tẹ́ ẹ ò ní rí kéréènì tí wọ́n fi ń kọ́lé? Gbogbo ẹni tó ní ilé àtijọ́ ló ń tú inú ẹ̀ dànù kó lè tà á. Bùrọ̀dá náà fẹ́ ta tiwa. Sátidé tó kọjá, wọ́n ti ilé wọn ní Corduff wá, àwọn àti òyìnbó kan tó gbé òòlù dání. Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ ra ilé ò fẹ́ nǹkan ayé Ọbabìnrin Fikitóríà ní pálọ̀. Ògiri funfun ló fẹ́.

Mo lọ dúró síbẹ̀, mo fẹ̀yìn ti táìlì.

"Dádì gan-an ò fẹ́ràn àwòrán yẹn," Bùrọ̀dá ní. "Ṣebí aṣọ ni wọ́n máa ń fi bò ó tí wọ́n bá fẹ́ kírun."

Ìyẹn ló bí mi nínú. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ní Ìwó ni Bùrọ̀dá wà nígbà yẹn. Èmi nìkan ni mo wà níbí pẹ̀lú yín. Òótọ́ ni, ẹ máa ń bò wọ́n. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti kírun tán, ta ló máa ń ká aṣọ náà kúrò, tó máa ń bi àwọn ọmọ inú táìlì bóyá wọ́n sùn dáadáa? Ẹ̀yin lẹ sọ ọmọbìnrin tó ń fo okùn ní Àṣàbí. Àwọn méjì tó wà lórí jangirọ́fà, ẹ pè wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé, bẹ́ẹ̀ wọn ò jọra rárá. Mi ò rẹ́ni bá ṣeré ládùúgbò, lẹ bá fún mi ní odindi agboolé lára ògiri. Àwọn ọmọ yẹn ò fìgbà kan bi mí pé ibo ni mo ti wá gan-an.

"Bùrọ̀dá, ẹ má bínú," mo ní, "àwa méjèèjì la jogún ilé yìí, mi ò sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀yìn mi lẹ máa kọ́kọ́ fọ́ kẹ́ ẹ tó débẹ̀."

Òyìnbó yẹn wò mí, ó wo Bùrọ̀dá, ó ní "grand so," ìyẹn ni pé kò burú, ó gbé òòlù ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Bùrọ̀dá ní mo ti fi táìlì rọ́pò ọmọ ìyá. Bí wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn gbàgà, gbogbo fèrèsé mì. Ó dùn mí. Mo sunkún, àmọ́ mi ò kúrò níbẹ̀. Ṣé ẹ̀yin ì bá ti gbà fún wọn ni? Agídí yìí ńkọ́, ọ̀dọ̀ ta ni mo ti rí i bí kì í bá ṣe ọ̀dọ̀ yín?

Lọ́jọ́rú mo se ẹ̀fọ́, mo gbé e lọ sí Corduff. Ìyàwó wọn ló gbà á. Lónìí, Bùrọ̀dá fúnra wọn ló dá abọ́ padà, ó mọ́ tónítóní. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wọlé, wọn ò sì sọ̀rọ̀ ilé títà. Wọ́n kàn ní ata ẹ̀fọ́ yẹn ti pọ̀ jù.

Mi ò ní dín in kù.

Èmi ọmọbìnrin yín, tí ìfẹ́ yín ò tíì kúrò lọ́kàn ẹ̀.