Báàgì Àsálà àti Ẹ̀yìn Mi Kan Ṣoṣo

Wasis, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń sun yàrá kan náà ní Surabaya, mo sì kí onílé yín bó tilẹ̀ jẹ́ pé o sọ pé ariwo ló máa ń pa ṣáá. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹrù já lé ọ lórí ní èbúté, kí okùn tí ẹ fi ń fa àpótí má ṣe já, kí o máa jáde láàárọ̀, kí o sì máa wọlé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì. Ìyá rẹ ní àmín. Kì í ṣe pé ó sọ ọ́ jáde o, orí ló mì, ṣùgbọ́n mo gbà á sí àmín.

Ilé dára, kò séwu. Mo ti kọ ìyẹn tán kí n tó rántí pé mo ti pinnu pé n kò ní kọ ọ́ nínú lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n bébà tó wà nílé kò pọ̀, n kò lè fà á ya, nítorí náà jẹ́ kó wà níbẹ̀, kí o máa kà lọ.

Eérú wà lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, eérú wà lórí ata, bí a bá gbọ̀n ewéko kí màlúù tó jẹ ẹ́, àwa náà á máa wúkọ́, màlúù á máa wúkọ́. Mbah, òkè wa, ti ń yọ èéfín láti ìgbà tí a ti kórè àgbàdo. O mọ̀ pé a kì í sọ lábúlé wa pé òkè Merapi fẹ́ bú gbàmù, bàbá àgbà gbogbo wa ni, ohun tí à ń sọ ni pé Mbah ń múra ìnáwó. Àwọn ọmọ ìjọba tó wá kò mọ èyí. Wọ́n dúró níwájú mọ́sálásí pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n ń ké pé Merapi fẹ́ bú, Merapi fẹ́ bú, àwọn àgbà ń di etí. Pak Sukiyo, aládùúgbò wa, ní ilé ta ni wọ́n ti tọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, ṣé bí wọ́n ṣe ń pariwo ìnáwó ẹni ẹlẹ́ni kiri nìyẹn.

Báàgì pupa tí o fi ránṣẹ́ ti dé. Mo mọ̀ pé owó tí o fi ẹ̀yìn rẹ wá ni o fi rà á, Ọlọ́run á dá a padà fún ọ. A tú gbogbo ohun inú rẹ̀ sórí ẹní, èmi àti ìyá rẹ, a ń wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ ìbora tó ń dán bí fàdákà yẹn, mo rò pé ẹja ni wọ́n ń fi sun. Ìyá rẹ ní kí n má dán an wò, ó ní ó dá òun lójú pé òkú olówó ni wọ́n ń fi wé nílùú ńlá. Mo fọn fèrè náà lẹ́ẹ̀kan láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, gbogbo ọmọ àdúgbò sá wá, wọ́n ń bi mí pé bọ́ọ̀lù dà. Rédíò tí a ń fi ọwọ́ yí, mo yí i títí apá fi ń ro mí, ó wá ń sọ fún mi pé títì dí ní Jakarta. Mo tún yí i sí i bóyá ọ̀rọ̀ náà á rìn dé ọ̀dọ̀ wa, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Síbẹ̀ mo di báàgì náà bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sí ara rẹ̀ gan-an. Omi, tọ́ọ̀ṣì, oògùn ìyá rẹ, ìwé ilẹ̀, oúnjẹ tí kì í tètè bàjẹ́, mo fi gbágùúdá gbígbẹ àti ẹja oníyọ̀ ṣe ìyẹn. Wọ́n ní kí n kó aṣọ sí i, mo sì kó aṣọ bátíkì tí a fi ṣe ìgbéyàwó, nítorí pé n kò lè wọ aṣọ oko síbi ìnáwó ẹni tó tó Mbah. Wọ́n ní ẹ̀yìn ni kí n gbé e kọ́, kí ọwọ́ mi méjèèjì lè ṣófo. Mo gbé e kọ́, ó wúwo bí ìdì ewéko tútù, mo wá ń rìn káàkiri inú ilé, ìyá rẹ ń wò mí láti orí ibùsùn, ó ń fi ẹnu tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní mo dà bí arìnrìn-àjò Mẹ́kà tó ṣìnà.

Ìgbà yẹn ló ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni fọ́ọ̀mù dé. Pak Dukuh, olórí abúlé wa, ló pín in láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n bèèrè nínú rẹ̀ pé ta ni nínú ilé yìí tí kò lè jáde bí kò bá rí ẹni ràn án lọ́wọ́. Mo jókòó ti ìbéèrè yẹn pẹ́, Wasis. Lóòótọ́ rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì ìyá rẹ àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣé kò rí ẹni ràn án lọ́wọ́ ni? Èmi ni mo ń gbé e lọ wẹ̀, èmi ni mo ń gbé e lọ jókòó síta kó lè rí àwọn ènìyàn tó ń kọjá. Bí mo bá kọ orúkọ rẹ̀, ó máa dà bí ẹni pé n kì í tọ́jú rẹ̀, ó sì máa dà bí ẹni pé à ń di ẹrù wa lé ìjọba lórí. Mo bá kọ ọ́ pé kò sí. Mo tún fi kún un pé a dúpẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ ìdánrawò àsálà wá dé, wọ́n ń lu igi ìkìlọ̀ kíkankíkan, ọkọ̀ tó ní tìmùtìmù nínú, tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn, ń yà láti ilé dé ilé. Ó dé iwájú ilé wa, kò dúró. Mo sá tẹ̀ lé e, mo ń fọn fèrè tí o rà fún wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù olómi ọsàn, Mas Bagas ni wọ́n ń pè é, wo bébà ọwọ́ rẹ̀, ó ní, bàbá, kò sí aláìsàn nílé yín o, ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́. Mo ní òótọ́ ni, èmi ni mo kọ ọ́. Ó ní kí n má dààmú, eré lásán ni tòní, kí n jẹ́ kí màmá sinmi, kí n gbé báàgì mi kí n wọ ọkọ̀. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ń tì mí láti bá a jiyàn. Mo wọ ọkọ̀.

Ní pápá bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀, wọ́n tú báàgì gbogbo ènìyàn wò, wọ́n ní tèmi ló dára jù. Wọ́n ní kí n dìde kí wọ́n lè ya mí ní fọ́tò, wọ́n pàtẹ́wọ́. Pak Sukiyo fa màlúù rẹ̀ wá, wọ́n yà á mọ́ mi. Mo ń wo màlúù yẹn níbi tó ti ń jẹ koríko. Màlúù Pak Sukiyo débẹ̀. Ìyá rẹ kò débẹ̀.

Kò sí ẹni tó sọ fún un pé eré ni. Igi ìkìlọ̀ ló gbọ́, ó gbọ́ tí ọkọ̀ kọjá, ó gbọ́ tí gbogbo àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí mo padà, ẹnu ọ̀nà ni mo bá a, ó ti wọ́ ara rẹ̀ láti orí ibùsùn dé ibẹ̀ pẹ̀lú apá kan, eérú kún irun rẹ̀, èékánná rẹ̀ ti ya. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, Bàbá Wasis, ẹ kú àbọ̀ o, ẹ̀yin àti báàgì yín. Ó ní kí n jọ̀wọ́ fún báàgì lómi mu, ó ti rìn jìnnà.

Láti ọjọ́ náà kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àsálà mọ́. Ó ní bí Mbah bá gbé ìnáwó rẹ̀ dé, kí n máa gbé báàgì mi lọ bí mo ṣe mọ ọ̀nà yẹn, òun á dúró, ó kéré tán ẹnì kan á wà nílé tó máa kí àlejò káàbọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó yíjú sí ògiri.

Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba pé kí wọ́n bá mi yí fọ́ọ̀mù náà padà. Akọ̀wé ní ó ti wọnú kọ̀ǹpútà, kò ṣeé yí báyìí, àfi kí n gbé ìyàwó mi wá síwájú àwọn kí àwọn fojú rí i pé lóòótọ́ ni kò lè wá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ọ̀nà ni mo ti ń rò ó pé kí ni mo ń dúpẹ́ fún.

Ọ̀rọ̀ fóònù mi náà tún wà níbẹ̀. Ó dún gììrì, ìjọba kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé ṣé ẹ wà ní àlàáfíà, bí ẹ bá wà ní àlàáfíà kí ẹ tẹ ení, bí ẹ kò bá wà ní àlàáfíà kí ẹ tẹ èjì. Mo tẹ ení. Ẹni tí n kò mọ̀ rí kí mi láti ọ̀nà jíjìn, báwo ni mo ṣe máa kó ìṣòro bò ó lójijì? Pak Sukiyo náà tẹ ení. Gbogbo abúlé ló tẹ ení, eérú sì ń dà sínú ọbẹ̀ wa.

Mo wá fi ojú ara mi wo ọ̀rọ̀ náà. Báàgì fẹ́ ẹ̀yìn, ìyá rẹ náà fẹ́ ẹ̀yìn, ẹ̀yìn mi kan ṣoṣo ni. Mo gbé báàgì sáyà kí n fi ẹ̀yìn dúró de ìyá rẹ, n kò rí ẹsẹ̀ ara mi. Mo yọ omi, mo yọ rédíò, mo yọ aṣọ ìgbéyàwó, mo yọ ẹja. Nígbà tí kò ku nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, mo mú ọ̀bẹ tí a fi ń gé ewéko, mo lu ihò méjì sí ìdí báàgì náà fún ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Má bínú, mo mọ̀ pé ọjà olówó ńlá ni.

Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni mo ń jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo ń kẹ̀yìn sí i, mo ń ṣí ẹnu báàgì sílẹ̀. Yóò wò mí títí, yóò ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Lánàá ni ọwọ́ rẹ̀ kan eegun ẹ̀yìn mi. Ó ní, háà, Bàbá Wasis, ẹ ti rù. Ó sì wọlé, mo fà á sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ níbi ihò. A jáde. A kọjá ilé màlúù. A dé ìdí igi ọparun, ibẹ̀ ni orúnkún mi ti yẹ̀, mo dojú bolẹ̀, ó wà lẹ́yìn mi síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ létí mi, ẹ̀rín àtijọ́ yẹn gan-an. Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ ọ́n lára pé ọrùn mi ti tutù, ẹkún ló ń sun. Ó ní ibi tí agbára wa mọ nìyẹn, ìdí ọparun. O mọ̀, Wasis, pé nígbà tí Mbah ṣe ìnáwó tí mo wà lọ́mọdé, iná rẹ̀ kọjá ìdí ọparun, ó kọjá mọ́sálásí, ó dé odò.

Nítorí náà, bí rúpíà bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún kọfí, fún òróró tí mo lè fi pa orúnkún, àti fún fóònù. Jọ̀wọ́ má ra báàgì mìíràn. Ṣé ọ̀gá yín ní èbúté lè yọ̀ǹda ẹ̀yìn rẹ fún wa fúngbà díẹ̀? Mo mọ̀ pé ẹrù àwọn ẹlòmíràn ló wà lórí rẹ̀. Ìyá rẹ kò wúwo tó àpótí.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ, kí ó ṣọ́ orúnkún rẹ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kí o má ṣe darúgbó kí o tó rí ẹni tí yóò gbé ọ.

Ní gbogbo ìgbà tí o bá pè tí o sì bèèrè pé ṣé dáadáa ni a wà, ení ni mo máa ń tẹ̀ fún ọ. Lẹ́tà yìí, ọmọ mi, èjì ni.

Bàbá rẹ,
Ngadiyo