Orogún Mi Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin Ti Kó Jáde

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Tó o bá ń bèèrè wa, a wà, a sì ń dúpẹ́. Olúwa ò ní jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn burúkú nípa rẹ, ilé tó ò ń gbé ò ní wó lé ọ lórí, àpótí onírin tí wọ́n fi ń gbé yín gòkè níbi iṣẹ́ yín ò ní há mọ́ ọ sínú láéláé. Àmín.

Mo mọ̀ pé o ti ń pè mí lórí fóònù títí tó fi sú ọ. Fọkàn balẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kú. Owó ló wà nínú fóònù náà, ìdí tí mi ò fi gbé e nìyẹn. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ tó o ti wá ya fọ́tò ọkọ̀ bàbá rẹ, tó o gbé e sórí fóònù kí olówó lè rí i rà, ká lè fi owó rẹ̀ tọ́jú ojú bàbá rẹ tó ń ṣú, mi ò sinmi. O ní nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kékeré tí wọ́n yà sábẹ́ fọ́tò yẹn ni iye èèyàn tó ń wò ó. Ọmọ mi, wọ́n lé ní irinwó. Irinwó èèyàn ń wo àgbàlá mi, èmi sì ń jáde láràárọ̀ pẹ̀lú ìró tí mo so mọ́ àyà! Láti ìgbà náà ni mo ti ń wọ aṣọ gidi kí n tó jáde da omi nù. Mo ń fọ ọkọ̀ náà ní ìdájí, mo sì ń kí àwọn èèyàn náà, torí èèyàn kì í wo inú ilé ẹni kí onílé má kí i. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Tílẹ̀ bá ṣú, mo máa ń fi tapólì bò ó, ẹni tó bá fẹ́ wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ kó dúró dọ̀la. Télọ̀ tó múlé tì wá ní orí mi ti ń dàrú. Mo ní kó lọ ka iye èèyàn tó ń wo tiẹ̀.

Ìwọ náà mọ bí ọkọ̀ yẹn ṣe jẹ́. Ká tó bí ọ ni bàbá rẹ ti rà á, àlòkù, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jọ ń fà á, kò sí ẹrẹ̀ tó lè dá a dúró. Wọ́n gbé e ga sókè, wọ́n pààrọ̀ iná ẹ̀, wọ́n kùn ún láwọ̀ ewé, gbogbo owó aṣọ mi, ara ẹ̀ ló gbé e wọ̀. Orogún mi ni mò ń pè é, o kúkú mọ̀. Ọjọ́ tí mo wá fi ìbínú sọ pé ó ti gbọkọ mọ́ mi lọ́wọ́ ni wọ́n gbé àga ìrọ̀gbọ̀kú kan ṣoṣo tó wà ní pálọ̀ wa jáde, wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó kọjú sẹ́yìn, kí n lè máa jókòó bí olorì kí n sì máa ṣọ́ ẹrù. Ibi yòówù ká máa lọ, àwọn ló ń rí iwájú, èmi ló ń rí ẹ̀yìn. Tá a bá délé, a ó wá ròyìn fún ara wa.

Ọkùnrin tó fẹ́ rà á dé lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ọmọlúàbí ni. Mo bi í bóyá ó wà lára àwọn tí mo ń kí láràárọ̀. Ó wò mí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni mà, òun ń gbọ́, kí n má bínú pé òun ò dáhùn. Mo dárí jì í. Gbogbo ara ọkọ̀ ló wù ú, àfi ìgbà tó dé ìdí àga mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn lòun máa kọ́kọ́ yọ sọnù. Bàbá rẹ ò tíì sọ̀rọ̀ kankan lórí títà yìí látọjọ́ tó o ti lọ, o mọ̀ wọ́n. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ làwọn ń tà, àwọn ò ta ibi tí ìyàwó àwọn ń jókòó. Ọkùnrin náà fúnra ẹ̀ ló mú sípánà wá. Bàbá rẹ ò jẹ́ kó bá wọn tú u, wọ́n fi ọwọ́ wá nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi tú u tán.

Ọkùnrin náà wá ní òun ti san owó, fóònù mi sì dún lẹ́ẹ̀kan. Má sọ fún mi pé bánkì lowó wà o. Fóònù mi ló dún, bánkì ò dún. Mo pa á, mo fi gèlè wé e, mo tì í sísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Mi ò sì ní fi í sí iná mọ́, kí iná má lọ jó owó ojú bàbá rẹ.

Nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, mo rò pé màá jó. Orogún kó jáde, ìyáálé ń sunkún, ta lo máa sọ fún tó máa gbà? Bàbá rẹ ní kí n máa sọ ibi tó dé fáwọn. Mo ní ó ti kọjá ilé télọ̀, ó ti gun afárá, ó ti yà. Wọ́n ní àwọn ṣì ń gbọ́ ìró ẹ̀. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n mo ní èmi náà ń gbọ́ ọ.

Àga náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí. Nírọ̀lẹ́, màá jókòó sórí ẹ̀, bàbá rẹ á gbé àpótí wá, wọn á jókòó lé e, wọn á kẹ̀yìn sí mi bíi tàtijọ́, wọn á bi mí pé kí ni mo ń rí.

Jọ̀ọ́, fi owó mọ́tò tá a máa fi wá sọ́dọ̀ dókítà ránṣẹ́, torí a ti ta ọkọ̀ tá à bá fi wá. Má fi sórí fóònù o, ó ti kún. Fi ọṣẹ kún un, ara ọkọ̀ ni mo fọ tèmi tán sí. Èmi fúnra mi ni màá gbé fóònù náà wá nínú gèlè, kí dókítà yọ tiẹ̀ kó sì dá ìyókù padà. Bá mi sọ fún irinwó èèyàn yẹn pé ọkọ̀ ti lọ, kí wọ́n máa lọ sílé wọn.

Ọ̀nà rẹ á là. O ò ní fi ojú rẹ wá ohun tó ò ń jẹ tì. Lọ́jọ́ tí ojú bàbá rẹ bá là, mi ò ní jókòó sórí àga yẹn. Àwọn ni màá fi jókòó síbẹ̀, kí wọ́n kọjú sẹ́yìn, kí wọ́n fojú ara wọn rí gbogbo ibi tá a ti kọjá.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tí fóònù rẹ̀ ń ṣọ́ owó.