Ohùn Tí A Gbọ́ Nídìí Omi

                                        Ilé Àwọn Olùkọ́,
                                        Ọjà-Ọ̀dàn,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejìlá, ọdún 2019.

Mẹ̀dínátù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá Àṣìkẹ́ ńkọ́? Àṣìkẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé eyín iwájú rẹ̀ ti hù padà? Màmá yín ní oúnjẹ Ìbàdàn ti mú ọ sanra débi pé àwọn lè má dá ọ mọ̀ mọ́. Inú mi dùn sí i. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọyẹ́ ti ń fẹ́, bọ́dà ṣì wà ní títì, kálukú sì ń fara dà á.

Mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún ọ bí Lukman àbúrò rẹ ṣe ṣubú pẹ̀lú ọ̀kadà rẹ̀, tí dókítà sì gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún ọ ni mo fẹ́ kọ síbí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n bí o bá ti ní "hẹ́lò" báyìí, ẹnu mi a wúwo.

Ní Sátidé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó kọjá, èmi àti Nathaniel tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin wa kó àwọn ọ̀dọ́ ìjọ lọ wo omi tó ń já láti orí àpáta nínú igbó ìjọba. O rántí ibẹ̀, níbi tí mo ti sọ bàtà rẹ nù nígbà tí a wà nílé ìwé girama. Bàbá Ọ̀ṣunníyì, tí oko rẹ̀ wà létí igbó, ló mú wa lọ. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró, omi pọ̀, à ń kọrin, à ń rẹ́rìn-ín. A rí ipa táyà ọ̀kadà níbi tí kò sí ọ̀nà. Nathaniel ní àwọn tó ń gbé ìrẹsì láti òdìkejì bọ́dà nìyẹn, a sì kọjá lọ.

A ti jẹun tán nídìí omi nígbà tí ẹnìkan pè mí. "Àǹtí Jẹ́mí o!" Ohùn náà tín-ín-rín, ó ń wá láti òkè. Gbogbo wa gbójú sókè, a kò rí ẹnìkankan. Ó tún pè. Mo ti la ẹnu kí Bàbá Ọ̀ṣunníyì tó gbá mi lápá mú.

"Má jẹ́ ẹ o! O ò rẹ́ni tó ń pè ọ́, o fẹ́ jẹ́? Ẹ kẹ́rù yín, ó yá, ká máa lọ!"

Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, tí mo máa ń fi ọ̀rọ̀ iwin ṣe yẹ̀yẹ́, mo pa ẹnu mi dé. Láti kékeré ni ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ jẹ́ ìpè ẹni tí n kò rí nínú igbó. Ó pè lẹ́ẹ̀kẹta. N kò bojú wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kejì, Nathaniel jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run yọ wá lọ́wọ́ iwin inú omi. A pàtẹ́wọ́, a jó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹlẹ́mu kan rí Lukman nínú kòtò tó wà lókè omi náà, ọ̀kadà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn ẹyẹ ń ṣa ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti òwúrọ̀ Sátidé ló ti wà níbẹ̀. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè gbé e dé lọ́jọ́ kìíní ni, ẹsẹ̀ náà ì bá má lọ.

Mo lọ wò ó. Ó ní òun gbọ́ orin wa, òun sì dá ẹ̀rín mi mọ̀.

"Mo pè yín títí, àǹtí. Omi yẹn ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́, àbí?"

Mo ní, "Omi yẹn ni." Ó wá ń tù mí nínú, ó ní kí n má sunkún mọ́.

Mẹ̀dínátù, ta ló ń pè mí ní Jẹ́mí láyé yìí bí kò ṣe ará ilé yín? Mo ń gbọ́ ohùn yẹn nígbàkígbà tí mo bá ń da omi sí korobá. Ní kíláàsì, mo máa ń dáhùn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò pè mí, àwọn ọmọ a sì máa rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, mà á lọ sọ òótọ́ fún Lukman. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Bí o bá bínú, o jàre. Bí o bá fẹ́ pè mí kí o bú mi, jọ̀wọ́, pè mí.

Bá mi kí Bàbá Àṣìkẹ́, kí o sì fi ẹnu kan Àṣìkẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó gbọ́, tí kò dáhùn,

Jẹ́mímà.