Irin Tó Wà Nínú Ìbọ̀sẹ̀ Lásísì

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kápẹ́ẹ̀tì ni orúnkún mi wà, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìrọ́jú. Mo kí ìyá mi, mo kí ìyàwó àgbà, mo kí bàbá kékeré àti gbogbo agbo ilé. Mo kí Tíṣà náà, torí àwọn ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kà á. Mo fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ní àmì, ẹ má fo ọ̀kankan.

Bàbá, ẹ má bínú pé mo ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ẹgbẹ́ kí gbogbo ayé kà á. Ẹ̀yin náà kò sọ tiyín ní kọ̀rọ̀. Lójú àwọn tó wá kí yín kú ọ̀fọ̀ Lásísì lẹ ti sọ pé ó ti kọ̀ yín kí ikú tó mú un, pé ọmọ tó kọ bàbá rẹ̀ kò ní bàbá tí yóò tọrọ àforíjì fún un. Wọ́n ní ẹ kò jẹ́ kí àwọn àfáà jókòó ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ lórí tẹlifóònù, ó dùn mí ju ikú náà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ni o, ṣùgbọ́n níwájú yín ọmọdé ni, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní máa fi ọ̀wọ̀ pè é níbí.

Chicago ṣì tutù. Iṣẹ́ àwọn arúgbó náà ni mo ṣì ń ṣe ní Edgewater: mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń fún wọn lóúnjẹ, mo ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ kẹta tí a sin Lásísì ni mo ti padà sẹ́nu ṣíìfù, torí wọn kì í fúnni láyè ṣọ̀fọ̀ níbí. Ìyá àgbà kan bi mí pé kí ló dé tí ojú mi wú, mo ní òtútù ni. Bí mo bá délé, láti àjà kẹrìnlá tí mo ń gbé, adágún omi ńlá ẹ̀bá ìlú yìí nìkan ni mò ń wò lójú fèrèsé. Lọ́jọọjọ́ Sọ́ńdè, Lásísì ló máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ mi. Mo ṣì ń ro ẹ̀bà èèyàn méjì.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ láti ìdí rẹ̀, kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ̀. Ọdún kẹfà rèé tí ẹ ní kí Tíṣà bá yín kọ̀wé sí Lásísì pé ẹ̀tù ti tán, kó wá nǹkan ṣe sí i. Ọta ni kò sí lọ́jà mọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sí nínú ìwé náà. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ̀tù lẹ máa ń pe gbogbo ohun tó bá ń wọ ẹnu ìbọn. Tíṣà kọ ọ́, wọn kò fi àmì kankan sí i. Lásísì wá kà á sí ẹtu, ẹran inú igbó. Ó rò pé ẹ ní ẹran ti tán lóko. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dáhùn pé kí ni òun lè ṣe sí i láti Chicago, pé bó bá ti tán, kí ẹ gbé ìbọn kọ́, kí ẹ sinmi. Háà! Kí ọmọ sọ fún ọdẹ pé kó gbé ìbọn kọ́! Ẹ kò dá a lóhùn mọ́. Lẹ́tà mẹ́rin ló tún kọ, ẹ kò jẹ́ kí Tíṣà ṣí ọ̀kankan.

Nígbà tí mò ń bọ̀ níbí lọ́dún tó kọjá, ẹ ní kí n sọ fún un pé ẹ̀tù lẹ tọrọ, ẹ kò tọrọ ẹ̀fẹ̀. Mo jíṣẹ́ náà. Lásísì dìde, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó lọ. Ẹ mọ ẹnu mi tí kì í dákẹ́: mo kọ̀wé sí yín pé mo jíṣẹ́ o, kò fọhùn, kò bẹ̀bẹ̀. Èmi ni mo bu epo síná, Bàbá. N kò lè fi ìyẹn pamọ́.

Ìgbà tí mo lọ kó ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, mo rí ìbọ̀sẹ̀ kan tó wúwo. Irin kan ló wà nínú rẹ̀, ó rí rogodo, ó tó ìkúùkù ọmọdé, wọ́n gé ìlà yí i ká bíi ti ṣúkúrúù, ihò sì gba àárín rẹ̀ já. Gírísì bò ó pátápátá. Iṣẹ́ irin ni Lásísì ń ṣe, ẹ mọ̀, nítorí náà mo gbé e lọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní kì í ṣe tilé iṣẹ́, pé àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni Lásísì fi ń gé e lórí ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ oṣù, kò sì sọ ohun tó jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Onílé rẹ̀ ní ti ẹ̀rọ omi ni. Ọ̀rẹ́ wa kan tó jẹ́ ará Ìjẹ̀bú ní kí n yáa sọ ọ́ sínú adágún, pé ta ló mọ ohun tí ọmọ ọdẹ ń gbé pamọ́.

Gloria tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ní bàbá òun máa ń ṣọdẹ àgbọ̀nrín. Ó fi mọ́tò gbé mi lọ sílé wọn ní Country Club Hills. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí bàbá náà, ó sáré gbá mi mú, ó rò pé mo fẹ́ ṣubú ni. Bó ṣe rí irin náà ló ní dáì ni. Ẹ ṣàánú mi, bí wọ́n ṣe ń pe irin yẹn lédè wọn náà ni wọ́n ń pe kí èèyàn kú. Mo ní ta ló tún kú? Gloria ló bá mi là á yé.

Bàbá Gloria ní bí wọ́n bá yin ọta onídẹ, èèpo rẹ̀ máa ń wú, kò ní wọ ìbọn mọ́. Irú irin yìí ni wọ́n ń tì í bọ̀ kó lè padà sí ìwọ̀n rẹ̀, kí wọ́n tún kì í bí tuntun, kí wọ́n má ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò rí irú èyí rí. Èyí tí wọ́n ń tà máa ń ní ìwọ̀n ìbọn lára. Ó to tirẹ̀ sórí tábìlì, ó ń fi wọ́n wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó bá a mu. Ó ní àfi tí òun bá rí èèpo ọta tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é.

Ẹ rántí èèpo ọta tí ẹ fún èmi àti Lásísì lọ́mọdé, tí a fi ń fọn fèrè títí ìyá mi fi ní a fẹ́ pe ejò wọlé? Tèmi ló wà lára kọ́kọ́rọ́ ilé mi títí di òní. Mo yọ ọ́. Bàbá Gloria fi epo pa á, ó tì í bọ inú irin náà. Ó wọ̀ díẹ̀, ó há. Inú rẹ̀ dùn, ó ní bó ṣe yẹ kó há gan-an nìyẹn, pé ìbọn tó ni èèpo yìí ni ẹni náà ń rò nígbà tó ń ṣe é. Ìbọn yín ni, Bàbá.

Ó wá mú àkísà, ó nu gírísì ara rẹ̀ kúrò. Ó rí E, ó rí T, ó rí U. Ó bi mí bóyá orúkọ ẹni tó ṣe é ni. Ó ní ó ṣeni láàánú pé nǹkan ti ha á lára, pé ìlà kékeré wà lórí E, òmíràn lórí U, ojú ihò bíńtín sì wà lábẹ́ E.

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nǹkan kan kò ha á. Lásísì ló fi àmì sí i. Ẹ̀tù.

Mo ké nínú ilé onílé bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Bàbá, kò kọ̀ yín. Kò rí ohun tó lè fi ẹnu sọ lọ́jọ́ tí mo jíṣẹ́ yín, ló bá lọ ń fi ọwọ́ ṣe é. Ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, ó kú kó tó rí ẹni tó lè fi irin náà rán.

Mo ti fi irin náà rán ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá. Bí ẹ bá lò ó, bí ẹ kò sì lò ó, ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Ẹ kò kàwé, mo mọ̀, ṣùgbọ́n àmì náà jinlẹ̀, ìka yín á mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ dákun, ẹ pe àwọn àfáà. Bí ogójì ọjọ́ bá tilẹ̀ ti kọjá, ẹ pè wọ́n. Èmi náà ń bẹ̀bẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ẹnu mi.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, kò ní fi irú rẹ̀ hàn wá mọ́. Ẹ bá mi kí tẹrú-tọmọ, ẹ kí gbogbo ọdẹ ìlú wa.

Èmi Sìkírátù, ọmọ yín.
Lásísì náà, ọmọ yín.