Ìyẹn Kọ́ Ni Rosamund

17, Òpópónà Hawthorn,
Thornby.
9 Oṣù Kẹsàn-án, 1964.

Àna mi àtàtà, Percy,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú afẹ́fẹ́ òkun Scarborough. Ṣé eékún yín ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn? Ṣé ẹ̀gbọ́n mi Hilda ti gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín? Ara tiwa le, àfi ikọ́ èédú tó ti di ará ilé.

Mo gbọ́ pé Ẹgbẹ́ Olólùfẹ́ Ọkọ̀ Irin ní kí ẹ wá fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì Lady Rosamund ní Sátidé, nítorí ẹ̀yin lẹ wà á lọ́dún 1934 tó fi sáré dé London ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kí ẹ tó fá irùngbọ̀n, ẹ ka lẹ́tà yìí tán. Lady Edith ni wọ́n tọ́jú nígbà tí wọ́n ń gé àwọn yòókù fún àlòkù irin, kì í ṣe Rosamund.

Edith tó ń jò bí ajẹ̀rẹ̀! Nínú àwọn Lédì méjìlélógún tí a rọ, òun nìkan ni wọ́n máa ń fi ẹ́ńjìnnì míì tì gun òkè.

Èmi ni mo jẹ̀bi. Lọ́dún 1937, ẹ ti ṣí lọ sí Hull, àwọn ọlọ́lá fẹ́ wá ya fọ́tò pẹ̀lú Rosamund, bẹ́ẹ̀ a ti tú u palẹ̀ láti tún un ṣe. Ọ̀gá ní, "Stanley, pààrọ̀ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn méjèèjì. Tó bá di Mọ́ńdè, dá a padà." Mọ́ńdè wo? Ọ̀gá gbàgbé, èmi náà gbàgbé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé Rosamund ti darúgbó, pé Edith ti ronú pìwà dà.

Pettifer, alága Ẹgbẹ́ náà, tó kọ ìtàn àwọn Lédì láìfọwọ́ kan gírísì rí, gbórí lé ara Edith, ó sunkún. Mo bi í bóyá ó dá a lójú pé Rosamund nìyẹn.

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá Rudd, kò sí ìdè bóòtù kan lára ẹ̀ tí mi ò mọ̀. Àbí ẹ fẹ́ kọ́ mi ni?"

Mo ní, "Kí ni mo mọ̀? Ṣebí èmi kàn dè wọ́n ni."

Ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á gé Edith náà, kò sì ní ku Lédì kan ṣoṣo láyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa á mọ́ra.

Lóṣù tó kọjá tí wọ́n ń gé èyí tí wọ́n pè ní Edith, Rosamund tiwa gan-an, mo sáré débẹ̀. Ìdìmú fèrè nìkan ni mo rí gbà. Ó dùn mí gan-an. Òun ló wà nínú páálí yìí. Lẹ́tà H tí ẹ fi ọ̀bẹ gbẹ́ sí i nítorí ẹ̀gbọ́n mi ò tíì parẹ́. Ẹ bá mi kí Hilda dáadáa.

Ní Sátidé, ẹ fi ìdìmú náà sápò kóòtù. Tí Pettifer bá ní kí ẹ fọwọ́ kan Rosamund, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún kan Edith fún wọn, kí ẹ ti ọwọ́ òsì bọ àpò.

Èmi ni àna yín oníṣẹ́ ìdè,
Stanley Rudd.