Ọwọ́ Waliyah

Àlàmísì, 1 Máàṣì 2007

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ọ́. Ó rí wákuwàku, ṣùgbọ́n èmi nìkan ló máa kà á. Ọwọ́ ọ̀tún – Ọ̀gá ni mo ń pè é – ti sùn láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ gbé mi ṣánlẹ̀ ní oṣù tó lọ.

Àlàájì Fàsásì wá. Hàbíbàt ọmọ rẹ̀ ti ka Àlùkùránì tán. Wòlímà di ọjọ́ kejìdínlógún. Èmi ni kí n ṣe wàláà, pátákó igi tó máa gbé jáde. Ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ya wàláà ní Ẹ̀pẹ́, mi ò kọ iṣẹ́ rí. Mo gbà. Agídí!

Jímọ̀, 2 Máàṣì

Ọwọ́ òsì kò ní kọ Bísímílà níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè. Waliyah ọmọ mi ni yóò di kálámù mú. Láti kékeré ló ti ń po tàdáà, yíǹkì wa, fún mi. Èmi á máa rò ó, òun á máa ṣe é.

Àtàlátà, 6 Máàṣì

Ìjà. Èmi, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wo igi. Gbogbo rẹ̀ á ti pé lórí mi kí n tó ti kálámù bọ tàdáà. Waliyah ní òun kì í mọ ibi tí òun ń lọ àfi tí ọwọ́ òun bá ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní ìwà ọ̀lẹ nìyẹn.

Sátidé, 10 Máàṣì

Kí n tó ti mọ́ṣáláṣí dé, ó ti ya ewé òṣíbàtà yí etí wàláà ká, bó ṣe ń léfòó lórí ọ̀sà. N kò rán an! Mo pariwo. Mo ní kó fọ̀ ọ́ dànù. Ó bu omi wá, kò jiyàn. Kó tó dà á, mo tún wò ó. Ó dára. Ó dára ju ohunkóhun tí mo ti ṣe rí lọ. Inú bí mi gan-an ni. Mo ní kó fi í sílẹ̀, àmọ́ n kò sọ ìdí.

Sọ́ńdè, 18 Máàṣì

Wòlímà. Hàbíbàt gbé wàláà sókè, gbogbo èèyàn hó. Fàsásì gba makirofóònù: "Bísíríyù ọ̀rẹ́ mi, àìsàn ò rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ mú o! Ewé òṣíbàtà yìí, ta ló tún lè ronú ẹ̀?"

Waliyah wà láàárín àwọn obìnrin. Ó ń wò mí.

Mo ní alihamudulilai. Mo jókòó.

Àtíní, 19 Máàṣì

Waliyah kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà.

Jímọ̀, 30 Máàṣì

Wàláà míràn, ti ará Ejìnrìn kan. Waliyah jókòó, ó mú kálámù. Ó ní, Bàbá, ẹ sọ ohun tí mo máa yà. Mo ń sọ, ó ń yà. Ibi tí mo bá ti dánu dúró, ọwọ́ rẹ̀ á dúró. Kò bínú. Kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Ó parí kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì.

Mo gbé e sórí itan. Ohun tó wà lórí mi gan-an ló wà lórí igi yẹn, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Kò sì lẹ́mìí rárá.

Ẹ̀rù bà mí. Mo bi í bóyá ó ní nǹkan tó fẹ́ fi sí i. Mo tún bi í. Ó ní rárá, òun ò ro nǹkan kan. Ó lọ fọ tàdáà kúrò lọ́wọ́.