Ìbọn Ẹlẹ́nu Tín-ín-rín

Èmi Lukman ni mo kọ ìwé yìí ní Ìwòyè-Kétu. Bàbá Ṣàíbù, tí kò mọ̀wé, ló ń bá àbúrò wọn Jibril sọ̀rọ̀ ní Ìlarò. Bó ṣe jáde lẹ́nu wọn ni mo kọ ọ́.

Jibril, ara mi le, oko dára. Mo rí ìbọn ṣakabùlà ẹlẹ́tù tí o fi ránṣẹ́, pé bodè tí wọ́n tì kò jẹ́ kí ọta ìbọn ẹlẹ́nu tín-ín-rín tèmi wọlé mọ́. Ta ló bẹ̀ ọ́? Ṣé ìbọn nìyẹn, àbí páìpù omi? Yóò dún gbàù, gbogbo abúlé yóò wúkọ́, ọ̀yà yóò sì ti sá dé Kétu. Ọta tèmi kò ju èékánná lọ, ṣùgbọ́n ẹran a ti ṣubú kó tó gbọ́ ìró rẹ̀.

O tún ń rán mi létí pé ẹni tó bá fi ìbọn ẹlòmíràn pa ẹran gbọ́dọ̀ fi itan rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníbọn. Ta ló kọ́ ọ, bí kò ṣe èmi? Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo gbé páìpù rẹ kọ́ sí.

Bá mi kí Rọ́fíàt ìyàwó rẹ. Itan ọ̀yà ló wà nínú àpò tí Sàlímọ́tù, tí mo fi ìwé yìí rán, gbé wá. Ẹ sè é, kí o má sì bi í ní ìbéèrè kankan. Bí ẹ̀tù ìbọn bá kù nílé, fi díẹ̀ sínú àpò náà.

Àmì ìka Ṣàíbù Málọmọ́ nìyí.
Ẹlẹ́rìí: Ayọ̀dàmọ́lá Ìbítóyè àti Toyibat Ṣàíbù.